Keziah àti Káfíńtà Ilẹ̀kùn Omi

Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn omi ni Keziah Dunkley ti kọ́kọ́ rí i, níbi tí ojú ọmọ ènìyàn kì í sábà dé.

Ó ti sáré ṣáájú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ gba ọ̀nà ẹṣin, níbi tí ẹṣin ti ń fa ọkọ̀ láti bèbè, wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, irin ìyí rẹ̀, tí wọ́n fi ń tú omi inú ilẹ̀kùn sílẹ̀, há sí ìgbànú lẹ́yìn, kí ó lè ṣí ilẹ̀kùn omi àkọ́kọ́ ní Hollinwick kí ọkọ̀ tó dé. Ìkùukùu ṣì wà lórí pápá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé etí kòtò olókùúta náà, èyí tí omi máa ń kún tí ó sì máa ń fà láti gbé ọkọ̀ gòkè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò bá omi kankan níbẹ̀. Wọ́n ti gbẹ ẹ́ tán. Ògiri rẹ̀ dúdú, ó ń kán tótó, ewé omi sì so rọ̀ lára rẹ̀ bí irun arúgbó. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró nínú ẹrẹ̀ tí ó mù ún dé orúnkún. Ó gbé etí lé igi ilẹ̀kùn ńlá náà, ó ń fi òòlù kàn án pẹ́pẹ́ bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn ilé àna.

"Ṣé wọ́n dáhùn?" Keziah bi í láti òkè.

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Ẹrẹ̀ wà ní imú rẹ̀. "Wọ́n ní kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Wọ́n ní igi yìí ti jẹrà láti inú wá, kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan."

"Ọ̀sẹ̀ kan kẹ̀? Èédú kún inú ọkọ̀ wa bámúbámú. Bàbá mi á fi ìbínú jẹ fìlà wọn."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n fi iyọ̀ sí i."

Keziah kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó yíjú padà kíá, ó ń lọ pàdé ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti já mọ́ ọn lẹ́nu kí ó tó dé abẹ́ afárá.

Bí Ìfaradà, ọkọ̀ bàbá Keziah, ṣe dúró sí Hollinwick nìyẹn, òun àti àwọn ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn tí ó ń dé lẹ́yìn rẹ̀, títí wọ́n fi tò gùn kọjá ojú. Ẹni tí ó bá rin ọ̀nà yẹn lónìí kò lè mọ bí ó ṣe rí nígbà náà. Koríko ti bo ọ̀nà ẹṣin báyìí, àwọn tí wọ́n wà lórí omi sì jẹ́ àwọn tí wọ́n wá fi ọjọ́ ìsinmi ṣeré. Nígbà náà, ilé ni ọkọ̀, oko ni omi. Èéfín ń jáde láti ihò ààrò orí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, òórùn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín gba gbogbo bèbè, àwọn obìnrin ń fọ àwo sínú omi, wọ́n sì ń fi ohùn rara béèrè àlàáfíà ara wọn láti orí ọkọ̀ sí ọkọ̀.

Fìlà aṣọ dúdú ni gbogbo wọn dé. Ọdún tí ó tẹ̀lé ọdún tí ọbabìnrin arúgbó kú ni. Láti ayébáyé, funfun ni fìlà àwọn obìnrin ojú omi, èyí tí ó máa ń bò wọ́n lọ́rùn nítorí oòrùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti rán dúdú láti fi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, wọn kò sì tíì bọ́ ọ. Keziah náà dé tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé nítorí ìyá rẹ̀ ni ó ṣe dé e. Inú oṣù kan náà ni ìyá rẹ̀ kú nínú yàrá ìdí ọkọ̀, nígbà tí wọ́n so ọkọ̀ mọ́ abẹ́ afárá kan nínú òjò. Nígbà tí gbogbo ayé ń ṣọ̀fọ̀ ọbabìnrin, ọ̀fọ̀ tirẹ̀ ríbi sá pamọ́ sí.

Orúkọ ọkùnrin inú ẹrẹ̀ náà ni Ambrose Tuckwell. Káfíńtà ni, ìlú ni ilé iṣẹ́ tí ó ni ojú omi náà ti rán an wá láti pààrọ̀ àwọn ilẹ̀kùn tí ó ti gbó ní gbogbo Hollinwick, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn bí àtẹ̀gùn lórí òkè náà. Kò tíì gbé etí omi rí. Bí ó ṣe ń wa ẹrẹ̀, ó ń rí irin ìyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti sọ nù sómi láti ìgbà láéláé, nítorí kò sí ọlọ́kọ̀ tí tirẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó tò wọ́n sí etí kòtò nínú oòrùn.

"Ẹ wá mú tiyín," ó sọ fún àwọn tí ń kọjá. "Ọjà ọ̀fẹ́ ni."

Keziah lóṣòó, ó ń fi ìka tú wọn wò. Ó gbé ọ̀kan tí wọ́n fi wáyà bàbà wé ní ọwọ́. Ó yí i padà wò.

"Ti ìyá mi nìyí. Èmi kéré púpọ̀ nígbà tí ó já sómi. Òun àti bàbá mi jà sí i títí a fi dé Coventry. Bàbá ní ìyá jù ú ni, ìyá ní Bàbá ló pe òun lórúkọ nígbà tí kò yẹ."

Ambrose kò rẹ́rìn-ín. Ó gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi yanrìn ha á, ó fi òróró pa á, ó sì fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nù ún títí wáyà náà fi ń dán. Lẹ́yìn náà ni ó wo fìlà dúdú orí rẹ̀.

"Mo rò pé ọbabìnrin ni gbogbo yín ń ṣọ̀fọ̀."

"Àwọn tó kù ni," Keziah wí.

Ambrose dá irin náà padà fún un ní ọwọ́ méjèèjì, bí a ṣe ń gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Kò béèrè ohun mìíràn. Ọjọ́ yẹn ni Keziah mọ̀ pé òun yóò máa wá a kiri.

Omi padà sínú kòtò, ọkọ̀ sì ń lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Ambrose kò tán. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, nígbàkígbà tí Ìfaradà bá gun òkè Hollinwick tàbí tí ó bá ń sọ̀, Ambrose á fi òòlù sílẹ̀, á bá Keziah rìn láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, á máa bá a fi ẹ̀yìn ti igi ńlá náà.

"Ẹ̀yìn rẹ le bí ti akọ màlúù," Keziah á wí. "Ó mà ṣe o, orí ni kò bá a mu."

"Orí mi pé kí n tó pàdé rẹ, ẹja mi."

"Ta ni ẹja rẹ? Ará bèbè lásán làsàn, tó ń sùn lórí ibùsùn tí kì í mì."

"Mo ti ń gbìyànjú láti máa mi ibùsùn náà fúnra mi. Onílé mi ti lọ fẹjọ́ sùn."

Ephraim Dunkley, bàbá Keziah, máa ń dúró nídìí ìtọ́kọ̀, á máa wo iwájú bí ẹni pé kò rí nǹkan kan. Ènìyàn gbígbẹ tí ó dákẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ tí ó bá sọ, ó ti rò ó fún máìlì púpọ̀.

"Káfíńtà yẹn," ó sọ ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń mu tíì. "Ọmọ dáadáa ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ará bèbè ni." Ó fẹ́ tíì rẹ̀. "Ọmọ àbúrò mi fẹ́ oníbúrẹ́dì kan ní Rugby. Ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọkùnrin yẹn ní, ọgbà ní ẹ̀yìn. Ọmọ yẹn kò tún sùn dáadáa mọ́ láyé. Ó ní ilẹ̀ ti dákẹ́ jù."

Keziah gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ó mọ ohun tí bàbá rẹ̀ kò sọ. Ìbàdí bàbá ti ń dùn ún láti ọdún tí ó kọjá, ó sì ń burú sí i. Ilé iṣẹ́ tí ó ni ọkọ̀ kì í fi í sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ẹni tí yóò bá a ṣiṣẹ́. Bí òun bá lọ gbé orí ilẹ̀, wọn yóò gba Ìfaradà, ilé kan ṣoṣo tí Ephraim mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i sínú irú rẹ̀, wọn yóò sì gbé bàbá lọ sí ilé àwọn aláìní ní ìlú, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn arúgbó ní aṣọ kan náà àti ọbẹ̀ kan náà títí wọn yóò fi kú. Ohun tí ó wà ní àárín òun àti Ambrose nìyẹn.

Ẹlòmíràn tún wà. Reuben Skelding, ọlọ́kọ̀ bí tiwọn, tí òun àti ìyá rẹ̀ ń kó ọkà lọ kó èédú bọ̀, ti ń wojú Keziah láti ìgbà tí wọ́n jọ ń fò láti orí ọkọ̀ sí ọkọ̀ ní kékeré. Ènìyàn ńlá onírun pupa ni, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀. Kò sí ìwà búburú kankan lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn gan-an ni ó ń ni Keziah lára.

Bí ọ̀ràn ṣe bàjẹ́ nìyí.

Òfin kan wà lójú omi tí wọn kò kọ sí ibì kankan, tí ọmọ ọlọ́kọ̀ mọ̀ kí ó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn omi tí ó bá kún jẹ́ ti ọkọ̀ tí ń bọ̀ láti òkè, èyí tí ó bá gbẹ jẹ́ ti ọkọ̀ tí ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí ọkọ̀ tí ó yẹ fún bá ti súnmọ́ tòsí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí i padà mọ́ ọn lójú. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti jalè. Àwọn ọkùnrin ti fi irin ìyí la orí ara wọn nítorí rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó sọ fún Ambrose. Ilẹ̀kùn ni ó mọ̀, kò mọ òfin ilẹ̀kùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní òpin ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó dúró lórí òkè, ó rí Ìfaradà tí ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó rí Ephraim tí ó fi ọwọ́ kan ti ìbàdí. Ó ronú pé bàbá náà kò yẹ kó dúró pẹ́. Ó tú gbogbo omi inú kòtò dà sísàlẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún wọn, inú rẹ̀ dùn. Ephraim rí ilẹ̀kùn tí ó ṣí, ó wọlé.

Ìgbà náà ni orí ẹṣin kan yọ lókè, lábẹ́ afárá. Reuben ń mú un bọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá rẹ̀ jókòó nídìí ìtọ́kọ̀, ìkòkò tábà lẹ́nu. Ìyá Skelding wo inú kòtò tí ó yẹ kí ó kún. Ó yọ ìkòkò tábà.

"Ephraim Dunkley," ó wí, ohùn rẹ̀ kò sókè rárá, "ṣé olè lo wá dà lọ́jọ́ alẹ́ rẹ?"

"Mo bá a ní ṣíṣí ni," Ephraim wí.

"Ó bá a ní ṣíṣí. Atẹ́gùn ló ṣí i."

Ambrose bọ́ síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi ni, ìyá. Èmi ni mo tú omi náà, nítorí tiwọn."

Gbogbo ojú ní bèbè yí sí i. Ẹ̀rín kú lójú Ambrose díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó pa á.

"Ẹ gbọ́," Reuben sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ tí wọ́n ti ń péjọ. "Dunkley ti fi ènìyàn sórí bèbè tí ó ń bá a gba ilẹ̀kùn."

Ephraim fi ìtọ́kọ̀ sílẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé òpó gígùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí i ti Ìfaradà padà sẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo èédú inú rẹ̀, jáde kúrò nínú kòtò, pẹ̀lú ìbàdí rẹ̀ yẹn. Reuben fúnra rẹ̀ ní kí ó fi í sílẹ̀, pé ó ti tó. Kò dáwọ́ dúró. Keziah mú òpó kejì, ó dúró ti bàbá rẹ̀, wọ́n ń tì í títí ó fi bọ́ sí ìta. Wọ́n tún omi kún, wọ́n sì dúró títí àwọn Skelding fi kọjá.

Lẹ́yìn náà ni Ephraim kọjú sí Ambrose. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi lójú omi yìí, mi ò gba ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Bàbá mi náà kò gbà á. O ò gbọdọ̀ bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ mọ́."

"Sà, mi ò mọ̀ pé..."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀."

Ambrose wo Keziah. Omi dúró sí ojú ọmọbìnrin náà, kò jẹ́ kí ó dà. "Ká ní o bi mí ni," ó wí. "Ìbéèrè kan péré ni, Ambrose. Orúkọ nìkan ni Bàbá ní."

Ìròyìn ń sáré lójú omi ju ẹṣin lọ. Kí wọ́n tó dé Braunston, ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú wọn débẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti máa ń pe Ephraim ní ẹ̀gbọ́n wá ń wo ibòmíràn bí ó bá ń kọjá. Ní ẹnu ilẹ̀kùn kan, obìnrin kan sáré mú irin ìyí rẹ̀, ó jókòó lé igi ilẹ̀kùn, ó ní, "Mo ń ṣọ́ tèmi ni o, Dunkley." Ephraim fi ọwọ́ kan fìlà kí i. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kò jẹun.

Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n tún gba Hollinwick kọjá, Keziah ń fi ojú wá ẹni tí kò gbọdọ̀ bá sọ̀rọ̀. Kò rí i. Ilẹ̀kùn tuntun wà níbi gbogbo, igi wọn funfun, wọ́n sì ń rùn bí igbó tí òjò pa, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbẹ́ wọn kò sí níbẹ̀. Ó rò pé ó ti padà sí ìlú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ léraléra.

Ewé ti ń wọ́ nígbà tí wọ́n dé ihò Hollinwick ní òwúrọ̀ kan. Níbẹ̀ ni omi ti wọ abẹ́ òkè lọ, kò sì sí ọ̀nà ẹṣin nínú rẹ̀. Ẹnì kan á mú ẹṣin gba orí òkè, ọkọ̀ á sì gba inú òkùnkùn. Ènìyàn méjì á fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí pákó tí wọ́n gbé dábùú orí ọkọ̀, orí wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn ní àárín, wọn á sì máa fi ẹsẹ̀ rìn lára ògiri ihò, ọ̀kan ní ọ̀tún, èkejì ní òsì, títí ọkọ̀ á fi jáde sí ìmọ́lẹ̀. Keziah àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà tí ìyá ti lọ. Wọ́n á fi okùn de ìtọ́kọ̀, wọn á sì sanwó fún ẹni tí yóò mú ẹṣin gòkè.

Ephraim dùbúlẹ̀ sórí pákó. Ó gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kò gbéra ju ìbú ọwọ́ lọ. Ó tún gbìyànjú. Lẹ́yìn náà ó dìde jókòó, ó sì fi ojú sí ibòmíràn, kí ọmọ rẹ̀ má bàa rí i.

Ọkọ̀ àwọn Skelding ni wọ́n so mọ́ iwájú wọn níbẹ̀. Reuben rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó rìn wá, ó ṣí fìlà.

"Kez," ó wí. "Èmi á bá ọ rìn ín. Mo lè máa bá ọ rìn ín títí ayé, bàbá rẹ á sì wà pẹ̀lú wa. Tí o bá gbà."

Ó rọrùn. Gbogbo rẹ̀ ni yóò tán lójú kan: ọkọ̀, bàbá, orúkọ. Keziah wo bàbá rẹ̀ tí ó tẹrí ba lórí pákó, ó mọ̀ pé ó ń gbọ́, ó sì mọ̀ pé kò ní sọ̀rọ̀.

"Ènìyàn rere ni ọ́, Reuben," ó wí. "Bí ìwọ bá jẹ́ ènìyàn burúkú, ì bá rọrùn fún mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè tìtorí ihò kan fẹ́ ọkọ."

Reuben yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ihò náà sì gùn gan-an," ó wí níkẹyìn.

"Mo sọ fún ọ," ni ohùn kan wí láti inú yàrá ọkọ̀ wọn. Ìyá Skelding yọ orí jáde pẹ̀lú èéfín tábà. "Mo ní kó o fi ọmọ yìí sílẹ̀, kó o wá ọmọ Atherstone yẹn lọ, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ. Ambrose, jáde wá. O ò lè máa fara pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò tíì mi títí ọjọ́ ìdájọ́."

Ó jáde wá. Ó ti rù. Ìdí bàtà rẹ̀ ti jẹ tán, àpá ògiri wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Ephraim," ìyá náà wí, "jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, nítorí ìwọ ò ní sọ. Ọjọ́ kejì tí ó jí ilẹ̀kùn mi, ó wá bá mi. Ó ní kí n sọ ìyà tó tọ́ sí òun. Mo ní kó fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀ mi gba ihò yìí kọjá lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín ni. Ó já sómi. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a tún padà dé, ó ti dúró ní ẹnu ihò, ó ń dúró dè wá. Kò tíì ṣíwọ́ láti ìgbà náà. Lórí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní Hollinwick, ó ń dá ọkọ̀ dúró, ó ń sọ fún wọn pé òun nìkan ló ṣe é, pé ìwọ ò mọ nǹkan kan. Bí Ìfaradà bá yọ, á sá pamọ́, nítorí o ní kó má bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ fún ọkọ̀ tó ń kó ìgbẹ́ ìlú pàápàá."

Ephraim gbójú sókè. Ẹṣin ń jẹ koríko.

"Ṣé òótọ́ ni?" ó bi Ambrose. "Ọkọ̀ ìgbẹ́?"

"Wọ́n dá mi lóhùn dáadáa, sà."

Nǹkan kan mì ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu bàbá náà. Ó dìde díẹ̀díẹ̀ lórí pákó. "Ọ̀tún ni kó o dùbúlẹ̀ sí. Òsì ni Keziah mọ̀." Ó sì mú ìjánu ẹṣin, ó ń fi ìrora gun òkè lọ, kò wẹ̀yìn.

"Èmi á di ìtọ́kọ̀ mú," Ìyá Skelding wí, ó ti ń gun Ìfaradà. "Etí mi ti di. Ẹ má ṣèyọnu."

Òkùnkùn gbé wọn mì. Fìtílà iwájú ọkọ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ sára bíríkì tí ń kán omi. Ẹsẹ̀ wọn nìkan ni ó ń dún, kò, kò, kò, lára ògiri méjèèjì, orí wọn sì súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí Keziah ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ rẹ ti yá ju tèmi," ó wí. "Ọkọ̀ á yà."

"Má bínú." Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn títí wọ́n fi bá ara wọn mu. "Ẹja mi, mo ti fi ọwọ́ ara mi ba orúkọ bàbá rẹ jẹ́."

"O sì ti fi ẹsẹ̀ tún un ṣe."

Wọ́n rìn díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní ìlú," Ambrose wí. "Èmi ló yẹ kí n jogún rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kó fún ọmọ rẹ̀. Keziah, mi ò ní sọ pé kó o wá bá mi lórí ilẹ̀. Mo mọ ohun tí ìyẹn á gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ. Èmi ni mo fẹ́ wá sójú omi, bí ẹ bá lè gbà mí."

Keziah gbé ẹsẹ̀ lé bíríkì mìíràn. Omi ń kán lé wọn níwájú orí.

"Yàrá wa kò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ," ó wí. "Àwọn ará ilẹ̀ á máa pè ọ́ ní ìdọ̀tí. Òtútù á mú ọ títí wọ egungun. Ibi tó o bá sùn kọ́ lo máa jí sí. Ó lè wá sú ọ, Ambrose, ó sì lè jẹ́ pé o ò ní sọ fún mi, nítorí o máa ń ṣàánú jù."

"Bó bá sú mi, màá sọ. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi ènìyàn kí wọ́n tó ṣe nǹkan."

Ìmọ́lẹ̀ rọ̀ lé wọn lójijì láti ihò atẹ́gùn kan tí wọ́n lu láti orí òkè wá. Keziah rí ojú rẹ̀ ní òdì kejì, dúdú fún èéfín, tí ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà òkùnkùn tún dé.

"Dá a lóhùn, ọmọ," ohùn kan wí láti ẹ̀yìn. "Tábà mi ti ń tán."

"Mo rò pé etí yín di."

"Ó là lójijì."

Keziah rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yọ̀ lára ògiri. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn nínú òkùnkùn, ó wá ọwọ́ Ambrose rí, ó dì í mú. "Èmi gbà," ó wí. "Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Bàbá ni. Bàbá ni wàá bi."

Ephraim jókòó sórí koríko ní ẹnu ihò kejì nígbà tí wọ́n jáde sínú oòrùn. Ambrose kò tíì nu ojú kí ó tó béèrè. Ó béèrè ní ìdúró, ó ṣí fìlà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́.

"Ará bèbè tó bá wá sómi," Ephraim wí, "wọ́n máa ń padà ni."

"Ẹ fún mi ní ìgbà òtútù kan, sà."

Ìgbà òtútù yẹn ni àwọn arúgbó ṣì ń sọ ìtàn rẹ̀ títí wọ́n fi lọ tán. Omi dì láti Hollinwick títí dé Braunston, ọkọ̀ kò lè mira. Inú yàrá kékeré iwájú ọkọ̀, níbi tí wọ́n ń kó okùn àti oúnjẹ ẹṣin sí, ni Ambrose ń sùn. Ní àárọ̀, irun iwájú rẹ̀ á ti di yìnyín. Ó ń fi àáké fọ́ omi dídì yí ọkọ̀ ká kí pákó má bàa fọ́, ó ń bu omi fún ẹṣin, ó ń fi òróró gbígbóná pa ìbàdí Ephraim. Ní ọjọ́ kan ó sọ fún Keziah pé, "Ó sú mi lónìí." Keziah bu tíì fún un. Ní ọjọ́ kejì ó ní kò sú òun mọ́.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tí omi tún ń rìn, ní ìrọ̀lẹ́ kan tí oòrùn ṣì wà lórí igi, Ephraim jáde láti yàrá ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rí rẹ̀ lábẹ́ apá. Ó ń rìn lórí pákó lọ sí iwájú.

"Bàbá, ibo lẹ̀ ń gbé ìrọ̀rí lọ?"

"Iwájú."

Ibùsùn ńlá kan ṣoṣo ni ó wà nínú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí ó ń darí ọkọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń sùn sórí rẹ̀, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ephraim dúró, ó wo ọ̀nà omi.

"Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, apá kan rẹ̀ ni mo ń sùn sí. Mi ò lè sún sí apá kejì." Ó pa ohùn mọ́lẹ̀. "Ibùsùn tọkọtaya ni. Sọ fún ọkùnrin yẹn kó kó bàtà rẹ̀ kúrò níwájú. Lọ́jọ́ Àìkú, ká lọ rí àlùfáà ní Braunston."

Keziah gun orí pákó. Ó súnmọ́ bàbá rẹ̀, ó gba ìrọ̀rí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún un tẹ́ lọ́wọ́, ó sì bá a gbé e lọ sí iwájú ọkọ̀, níbi tí Ambrose ti ń kó bàtà rẹ̀ jáde.